Ọdún Mẹ́rin Lé Díẹ̀ Tí Ìṣirò Fún Bàbá Télọ̀

Ẹni tó ni ìtàn yìí ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde, àmọ́ kí a bá òun sọ ọ́. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ fi ẹnu ara òun sọ ọ́, ibi tó dùn nìkan ni ẹnu òun máa ń rántí. A gbà fún un. Tiwa ni pé a ò ní fo ibi tó korò.

Ìṣirò ni àwọn ará ilé ń pè é, nítorí ìṣirò ló kà ní yunifásítì, ó sì kà á yanjú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde, olùkọ́ wọn kan kó gbogbo wọn jọ sí gbọ̀ngàn, ó tan àwòrán sára ògiri, ó ní ọ̀nà mẹ́tàdínlógún ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ka ìṣirò. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Báńkì wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, àwọn tó ń sọ bí òjò ṣe máa rọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní kódà àwọn tó ń rán ọkọ̀ lọ sínú òfuurufú ń wá wọn lójú méjèèjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́ sókè, ó ní èwo ni ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe rí nínú mẹ́tàdínlógún náà, sà?

Olùkọ́ ní àkókò ti lọ.

Ọdún méjì gbáko ni Ìṣirò fi rin àwọn ọ̀nà náà. Gbogbo wọn ló ní géètì, gbogbo géètì ló sì ní ẹni tó ń béèrè pé, "Ìrírí ọdún mélòó lo ní?" Nínú ìwé tó fi ń wáṣẹ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé òun mọ bí a ti ń yanjú ìṣòro. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ka ibẹ̀, ó sì gbójú sókè.

"O lè yanjú ìṣòro?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀rọ amúlétutù yìí ti ń kán omi sí mi lórí láti ọjọ́ mẹ́rin. Yanjú ẹ̀."

"Sà, kì í ṣe irú ìṣòro yẹn ni mo ní lọ́kàn."

"Irú ẹ̀ la ní níbí."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ọ̀kan ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń sáré láti ọ̀kan sí ìkejì bí ẹni tí ajá ń lé. Ọ̀kan wọ báńkì, àwọn ará ilé rẹ̀ dúpẹ́ títí, àṣé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní kó dúró sí, kó máa sọ fún àwọn oníbàárà pé nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Ẹyọ kan ṣoṣo tó rí ṣe nínú wọn ni ẹni tó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé ìwé, tí gbogbo wọn sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ìṣirò tó kà kò yé e ni.

Nílé ńkọ́? Bí ìyá Ìṣirò bá rán an lọ ra nǹkan, tó sì mú ṣéńjì tó pé délé, ìyá á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, á mi orí, á ní, "Ẹ wò ó, dígírì ti ń ṣiṣẹ́."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, Bàbá Télọ̀. Láti ìgbà tí bàbá Ìṣirò ti kú, òun ló ń rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun ń rán an. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì gígùn, ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú kan, téèpù lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, àti àwọn ìwé tó ti ń kọ òṣùwọ̀n oníbàárà sí láti ọdún márùndínlógójì, tó kó jọ gègèrè sórí pẹpẹ. Bó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ìbàdí rẹ̀.

"Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ jàre," ni ó máa ń wí. "Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan, ebi ò ní pa á."

Nígbà tó yá, iṣẹ́ dé. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan gbà á, àwọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to fáìlì, kó sì máa ṣe fọ́tòkọ́pì. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka kan tí wọ́n ti ń ṣírò ewu, ibi tí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Obìnrin ti ń fi ìṣirò wo iye ọdún tí àwọn èèyàn máa ń lò láyé, kí ilé iṣẹ́ má baà ṣe ìlérí tí agbára rẹ̀ ò ká.

Ìṣirò délé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ ní níbo ni wọ́n fi í sí.

"Mo wà ní ẹ̀ka ìṣirò ewu, Mọ́mì."

Irọ́ kọ́. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì náà wà níbẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Ó ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìdajì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ìdajì tó kù mọ́ ọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ obìnrin tó ni ilé tí wọ́n ń gbé, ó ń sọ pé, "Ọmọ mi ló ń ṣírò ọjọ́ tí èèyàn máa kú."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibẹ̀ ni kó ti sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá ná an: Mọ́mì, fáìlì ni mò ń tò. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tó nilé, tí kì í dá a lóhùn bó bá kí i, ṣí fèrèsé, ó ní, "Ìṣirò wa, o ti jí? Ṣé o sùn dáadáa?" Ẹni tí wọ́n ti fi ṣéńjì bú fún ọdún méjì, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó ní òun sùn dáadáa.

Láti ọjọ́ yẹn, àyè ṣí. Ọkùnrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní òdìkejì títì gbé ọsàn wá, ó ní ṣé òun á dé ọgọ́rin? Ìṣirò mú ẹ̀rọ ìṣirò kékeré jáde, ó tẹ nǹkan mẹ́ta mẹ́rin, ó fa ojú ro, ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ máa kọjá ẹ̀, sà." Ọkùnrin náà fò sókè. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ló ń pẹ́ láyé, kò sí ẹni tó bínú lọ. Ọgbọ́n iṣẹ́ tí olùkọ́ wọn ò kọ́ wọn ní gbọ̀ngàn, òun ló kọ́ ara rẹ̀: bí a ṣe ń fa ojú ro, àti bí a ṣe ń dákẹ́ kí a tó dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Télọ̀ wọlé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìwé kan nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ìwé dókítà ojú ni. Wọ́n ní omi inú ojú mi ti le jù, pé ó ń tẹ iṣan ojú pa. Wọ́n ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ lóṣù tó ń bọ̀. Bí mi ò bá ṣe é, ti òsì á kọ́kọ́ kú, ti ọ̀tún á tẹ̀lé e. Wọ́n ní ojú tó bá kú báyẹn ò ṣeé jí."

"Bàbá, ẹ lọ ṣe é nígbà náà."

"Ibi tí mò ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí. Ẹni tó ń fi sísọ́ọ̀sì jẹun láti ọdún márùndínlógójì mọ ohun tí irin lè ṣe. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú, màá fara dà á. Tí kò bá pọ̀, kí wọ́n fi ojú mi sílẹ̀, kí n fi ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀ rìn lọ." Ó fa àga, ó jókòó. "Ọmọ mi, mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mélòó ló kù?"

Ìyá Ìṣirò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé ṣíbí dání. Obìnrin tó nilé náà ti wọlé, kò sẹ́ni tó pè é. Gbogbo wọn ń wo ẹnu Ìṣirò.

"Mi ò mọ̀" kò gùn lẹ́nu. Ìṣirò ní òun gbé e dé orí ahọ́n, àmọ́ nígbà tí òun wo ojú ìyá òun, òun gbé e mì.

Ó sì sọ sí i lọ́kàn pé ìwé kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó ṣe ní fọ́tòkọ́pì lọ́jọ́bọ̀, tó sì ṣe ẹ̀dà kan lé. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí Ọ̀gá Obìnrin fi ń ṣiṣẹ́ ni. Lókè pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé iye ọdún tí ọkùnrin máa ń lò láyé jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rin àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ó mú pẹ́ńsù. Ó ka iye náà sókè fún Bàbá Télọ̀, ó sì yọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é.

"Mẹ́rin, Bàbá."

Obìnrin tó nilé kígbe. Ìṣirò gbọ́ bí mẹ́rin ṣe rí lásán létí àwọn èèyàn, bí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ, ló bá yára fi kún un kó lè jọ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé.

"Mẹ́rin lé díẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló lé."

Ìdá mẹ́ta yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bàbá Télọ̀ jẹ́ ẹni tí kì í fi ààbọ̀ íǹṣì ṣeré. Ó mi orí tìyanu-tìyanu. "Ẹni tó ń purọ́ kì í rántí fi ìdá kún un," ni ó wí. Ó ká ìwé dókítà, ó fi sápò, ó ní, "Ó ṣeun, ọmọ mi. O ò fi mí ṣeré bíi ti àwọn yòókù."

Ìṣirò ní òun fẹ́ lọ bá a lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí òun sọ òótọ́ fún un. Mọ́ńdè yẹn ò dé.

Bàbá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbé ayé ẹni ọdún mẹ́rin lé díẹ̀. Kò ra bàtà mọ́, ó ní èyí tó wà ní ẹsẹ̀ òun á bá òun dé ibẹ̀. Òrùlé ń jò, ó gbé garawa sí abẹ́ ẹ̀, ó ní garawa náà á tó. Oníbàárà kan mú aṣọ wá fún ọmọ rẹ̀ tó máa jáde ní yunifásítì lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ń fi ṣàwàdà ni o, Bàbá Télọ̀ dá aṣọ padà tọwọ́tọwọ́, ó ní, "Ẹ wá ẹlòmíì. Mi ò ní sí nílé."

Kò sì lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wá bá Ìṣirò. Ó ti kìlọ̀ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní sunkún, ẹkún ló fi wọlé.

"Ìṣirò, mo bẹ̀ ẹ́. Bá mi fi díẹ̀ kún un."

"Mọ́mì, fi kí ni kún kí ni?"

"Ọdún ni. Kó pé mẹ́wàá. Bó bá pé mẹ́wàá á lọ ṣe ojú ẹ̀. Ìwọ kọ́ lò ń ṣírò ẹ̀ ni? Tún un ṣe, kí o ní o ṣì í kà."

Ó ṣì í kà! Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu níwájú rẹ̀, obìnrin náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ṣùgbọ́n bí Ìṣirò bá ní òun ṣì í kà, ta ló máa tún gbé ọsàn wá? Ta ló máa ṣí fèrèsé kí i? Ó fa ojú ro, ó dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́.

"Kì í ṣe èmi ni mò ń pín in, Mọ́mì. Ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú."

Ó ní ojú ń ti òun títí di òní bí òun ṣe sọ gbólóhùn yẹn. Kó máa tì í. Ó tọ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Télọ̀ ń rán aṣọ funfun kan, ó sì gbé e sókè tayọ̀tayọ̀.

"Èyí tí wọ́n máa wọ̀ fún mi nìyí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ télọ̀ ẹgbẹ́ mi tó wà níwájú òpópónà ló máa rán an, ẹni tí kì í so òpin okùn. Wo ojú rírán ẹ̀."

Ìṣirò wò ó. Ojú rírán náà wọ́. Láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó ń yà sí òsì díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀nà tí wọ́n là láìsí okùn. Ọkùnrin yìí kò rán ohun tó wọ́ rí láyé rẹ̀, kò sì rí i pé èyí wọ́. Ojú òsì ti ń lọ.

"Ó dára, Bàbá," ni Ìṣirò wí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló pè ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ nígbà tó ń ròyìn fún wa. Ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó ní ìgbéraga àti àìmọ̀ ni. Ti "Ó dára, Bàbá," ó ní òun rí i kedere kí òun tó sọ ọ́.

Ó di oṣù mọ́kànlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan, Ìṣirò ń kó bébà sínú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì nígbà tó gbọ́ ohùn kan níwájú, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń gba àlejò.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀gá tó ń ṣírò ikú ni mo wá rí."

Ọmọbìnrin náà ní, "Ta ni, sà?"

"Ọmọ àbúrò mi. Ìṣirò ni à ń pè é nílé." Bàbá Télọ̀ ni. Ó wọ aṣọ tó dára, ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, òun náà sì gbé ọ̀kan nínú àwọn ìwé òṣùwọ̀n rẹ̀ há abíyá. Ó ti fẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn níta, eruku wà ní orúnkún rẹ̀.

"Áà! Ẹni yẹn?" Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, kò ní ìkà nínú. "Bàbá, kì í ṣe ọ̀gá o. Òun ló ń bá wa ṣe fọ́tòkọ́pì. Òun nìyẹn lẹ́yìn ẹ̀rọ."

Gbogbo yàrá yíjú sí i. Ó ti fi ọwọ́ kan tẹ gíláàsì ẹ̀rọ náà, ó sì ti fi èkejì tẹ bọ́tìnì rẹ̀ láìmọ̀. Iná ẹ̀rọ náà kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ, ó bọ̀, ó ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jáde sórí bébà.

Bàbá Télọ̀ ní láti yí orí rẹ̀ pátá kí ojú ọ̀tún tó lè rí i. "Fọ́tòkọ́pì?" ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọ̀gá Obìnrin gbọ́ ariwo, ó jáde sí wọn. Obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo ni. Ó kí àwọn àgbà, ó fún wọn níjòókòó, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá Télọ̀ kò fi ẹjọ́ sun. Ó ní ìbéèrè lòun mú wá.

"Ọmọ yìí sọ fún mi pé ọkùnrin máa ń lo ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin lé díẹ̀, pé ó ku mẹ́rin fún mi. Mo gbà á. Àmọ́ láti ìjẹta, ọ̀rọ̀ náà ń rùn sí mi. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ọ̀gá. Iye yẹn, ṣé àwọn ọmọ tó kú lọ́wọ́ ìyá wọn wà nínú ẹ̀?"

Ọ̀gá Obìnrin jókòó dáadáa. "Wọ́n wà níbẹ̀, bàbá."

"Mo mọ̀! Ẹ wò ó." Ó ṣí ìwé òṣùwọ̀n, ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún. "Sòkòtò tí mo rán lọ́dún kan nìyí. Ti ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, ti àgbà wà níbẹ̀. Bí mo bá pa gbogbo gígùn wọn pọ̀, tí mo pín in dọ́gba, sòkòtò tí mo máa rán á dé orúnkún àgbà, á sì gbé ọmọ ọwọ́ mì. Kò ní bá ẹnikẹ́ni mu. Àwọn tó kú ní kékeré ló fa iye yín walẹ̀. Èmi ti kọjá wọn. Mo ti kọjá àwọn tó kú ní ogún ọdún, mo ti kọjá àwọn tó kú ní ogójì. Kí ló dé tí wọ́n fi ń wọn mí mọ́ wọn? Ẹni ọgọ́ta ọdún ló yẹ kí wọ́n wọn mí mọ́."

Ọ̀gá Obìnrin wo ọkùnrin náà títí.

"Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ ìṣirò?"

"Ìdí ẹ̀rọ ni."

Obìnrin náà yíjú sí Ìṣirò. "Ìwé tí o wò, níbo ló wà?"

Ìṣirò mú un jáde nínú báàgì. Ó ti ká, ó ti gbó létí.

"Ojú ìwé kejì ńkọ́?"

"Mi ò... ojú ìwé kan ni mo mú, mà."

Ọ̀gá Obìnrin wọlé, ó mú odindi ìwé náà jáde, ó sì ṣí i sí ojú ìwé kejì níwájú gbogbo wọn. Ọjọ́ orí ni wọ́n tò sí i láti òkè dé ilẹ̀, iye ọdún tó sábà máa ń kù fún ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó fi ìka wá mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

"Mẹ́rìndínlógún," ni ó wí. "Ẹ má gbà á bí àṣẹ o, bàbá. Ìwé yìí ò mọ ẹnikẹ́ni lórúkọ. Èrò rẹpẹtẹ ló mọ̀, kò mọ yín. Ẹ lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì lè má lò tó o. Ẹni tó bá fi í sọ ọjọ́ ikú ẹnì kan, kò mọ ohun tó wà fún." Ó tún kọjú sí Ìṣirò. "Wọ́n kọ́ ọ ní èyí ní yunifásítì?"

"Wọ́n kọ́ mi, mà."

"Máàkì mélòó lo gbà?"

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún."

Ọ̀gá Obìnrin rọra pa ìwé náà dé. Kò sí ohun tí ì bá sọ tó máa dun Ìṣirò tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó Bàbá Télọ̀ ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Mẹ́rìndínlógún. Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o fi mẹ́fà péré kún un."

Ìgbà yẹn ni Ìṣirò wólẹ̀ síwájú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, fáìlì, ọsàn, fèrèsé, aṣọ funfun tí ojú rírán ẹ̀ wọ́. Ẹ̀rọ náà ṣì ń tẹ bébà jáde lórí rẹ̀, àwòrán ọwọ́ rẹ̀ lẹ́dà lẹ́dà, kò sẹ́ni tó rántí pa á.

Bàbá Télọ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Ẹ̀rù bà á, ó sì fara dà á. Wọ́n gba ojú ọ̀tún là. Dókítà wo ti òsì, ó ní ká ní wọ́n mú un wá lóṣù mẹ́wàá sẹ́yìn ni.

Obìnrin tó nilé ti padà sí ìwà rẹ̀, kì í dáhùn mọ́. Ìyá Ìṣirò ò fi ṣéńjì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, èyí sì dun Ìṣirò ju yẹ̀yẹ́ lọ. Níbi iṣẹ́, wọn ò lé e. Ọ̀gá Obìnrin ní kó máa kọ lẹ́tà tí wọ́n fi ń ṣàlàyé àwọn iye inú ìwé fún àwọn oníbàárà, àmọ́ lẹ́tà kankan ò gbọdọ̀ jáde títí tí ó bá fi kà á fún Bàbá Télọ̀, tí ó sì yé e. Èyí tó kọ́kọ́ kọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni bàbá dá a padà. "Kò bá ara mu," ni ó máa ń wí. "Tú u."

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ka ìṣirò, tí ẹ ń béèrè pé iṣẹ́ wo lẹ lè fi ṣe, Ìṣirò ní kí a sọ fún yín pé iṣẹ́ pọ̀ o, olùkọ́ òun ò purọ́. Ó ní kí ẹ kàn máa ṣí ojú ìwé kejì. Bí ẹ ò bá sì mọ nǹkan, kí ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀.

Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Télọ̀ ti tún ń gba aṣọ, àmọ́ ojú kan ò lè fi okùn sí abẹ́rẹ́, ihò rẹ̀ ò dúró lójú kan fún un. Iṣẹ́ Ìṣirò nìyẹn. Á jókòó síwájú fèrèsé, á fi ètè tẹ ẹnu okùn, á máa wá ihò abẹ́rẹ́.

Bàbá Télọ̀ kò bínú sí i rí. Ìṣirò ní ká ní ó bínú, ì bá sàn fún òun. Á kàn yí orí rẹ̀ pátá kó lè rí i, á na ọwọ́ dúró de abẹ́rẹ́ náà, á ní, "Má kánjú, ọmọ mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún la ní."